Ṣọ́ọ̀kì ọkọ̀ ṣeé pààrọ̀ nílé, àmọ́ ẹ má fi okùn di sìpíríǹgì mọ́

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú wàhálà ìròyìn, Ọlọ́run á máa fún yín lókun. Mi ò kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn rí láyé mi, Kẹ́hìndé ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, torí náà tẹ́ ẹ bá rí ibi tó gùn jù ẹ bá mi gé e, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ okùn àti sìpíríǹgì, torí ẹ̀ gan-an ni mo ṣe ń kọ ọ́.

Ẹnì kan kọ̀wé sí yín lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ó ní ẹni tí kì í bá ń ṣe mẹkáníìkì ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan abẹ́ ọkọ̀ ẹ̀, pàápàá ṣọ́ọ̀kì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà yẹn. Ibì kan wà tí mo ti gbà pẹ̀lú ẹ̀, màá dé ibẹ̀, àmọ́ ibi tó kù mi ò gbà. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ẹyin ni mò ń tà, mi ò kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, èmi àti àbúrò mi àti ọmọ mi la sì jọ pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì iwájú méjèèjì nínú ọgbà ilé mi ní Òkè-Àró níbí ní Àkúrẹ́, ọkọ̀ náà ni mò ń gbé dòní.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Àwọn adìyẹ mi wà lọ́nà Ọ̀dà. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mo máa ń kó ẹyin lọ sí Adó-Èkìtì, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, torí Adó ni ìyá mi ti wá, àwọn oníbàárà mi ibẹ̀ sì ti mọ ìdílé wa látìgbà tí Èkìtì ṣì wà lára ìpínlẹ̀ Oǹdó, kí wọ́n tó gé e jáde ní 1996. Corolla 2005 ni mo fi ń gbé e, mo ti yọ ìjókòó ẹ̀yìn, 60 kíréètì ló ń gbà, 30 ẹyin sì ló wà nínú kíréètì kan. Nígbà tí ọkọ̀ ṣì dáa, tí mo bá dé Adó tí mo ka èyí tó fọ́, ẹyin márùn-ún, mẹ́fà, bó pọ̀ tó nìyẹn. Ọ̀nà yẹn ò dáa o, gbogbo ẹni tó bá ti gba Àkúrẹ́ sí Adó rí mọ ohun tí mò ń sọ, gálọ́ọ̀pù lórí gálọ́ọ̀pù, àmọ́ mo ti mọ̀ ọ́n gbà, mo mọ ibi tí kòtò kọ̀ọ̀kan wà. Nígbà tó yá ó di kíréètì kan tó ń fọ́. Ó di méjì. Mo rò pé àwọn adìyẹ ni, pé èèpo ẹyin wọn ló ń fẹ́lẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi kálísíọ̀mù kún oúnjẹ wọn, owó ń lọ, ẹyin ń fọ́.

Àbúrò mi ọkùnrin tó ń ṣe rewáyà ní ìlú Oǹdó ló wá kí wa lọ́jọ́ kan. Kò tiẹ̀ tíì jókòó, ó kàn fọwọ́ méjèèjì tẹ imú ọkọ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ó sì tú u sílẹ̀, ọkọ̀ jó lọ sókè jó wá sísàlẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹrin kó tó dúró. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn adìyẹ yín ò jẹ̀bi o, ṣọ́ọ̀kì yín ló ti kú." Ọkọ̀ tí ṣọ́ọ̀kì ẹ̀ yè, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, á dìde lẹ́ẹ̀kan, á jókòó síbi tó yẹ, ó parí. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ kí n wo inú ẹsẹ̀, mo rí i lóòótọ́, ọ́ìlì ti jò sára ṣọ́ọ̀kì, eruku pupa ti lẹ̀ mọ́ ọn bí ìgbà tí wọ́n po amọ̀. Ó ní kí n fọwọ́ pa táyà, táyà ti ń jẹ ní kọ̀ọ̀kan, ibì kan ga, ibì kan wọlẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé tí mo bá tẹ bíréèkì, imú ọkọ̀ máa ń dorí kodò bí àgbò tó fẹ́ kàn, tí mo sì máa ń rìn kọjá ibi tó yẹ kí n ti dúró. Gbogbo ẹ̀ ti ń bá mi sọ̀rọ̀ tipẹ́, mi ò gbọ́ èdè ẹ̀ ni.

Táíwò ọmọ mi, ìkejì Kẹ́hìndé, tó ń kọ́ nípa iṣẹ́ ẹ̀rọ ní FUTA, yunifásítì tó wà ní Àkúrẹ́ níbí, ló wá ṣàlàyé fún mi tó yé mi yékéyéké. Sìpíríǹgì ló ń gbé ọkọ̀, àmọ́ sìpíríǹgì ò mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́, tó bá ti bọ́ sí kòtò kan á máa jó lọ ni. Ṣọ́ọ̀kì ló ń dá a lẹ́kun. Ọ̀pá kan ló wà nínú ẹ̀ tó ń lọ sókè sódò nínú ọ́ìlì, orí ọ̀pá yẹn ní ihò tín-tìn-tín, ọ́ìlì gbọ́dọ̀ gba inú ihò yẹn kọjá kí ọ̀pá tó rìn, kò sì lè kọjá wàràwàrà, ibẹ̀ ni agbára jíjó yẹn ń kú sí, ó ń di ooru, ìdí nìyẹn tí ara ṣọ́ọ̀kì fi máa ń gbóná tẹ́ ẹ bá ti ojú gálọ́ọ̀pù dé. Ó dà bí ìgbà téèyàn ń ro àmàlà tó ki, ọmọrogùn ò lè sáré nínú ẹ̀. Tí rọ́bà ẹnu ṣọ́ọ̀kì bá ti gé, ọ́ìlì jò, afẹ́fẹ́ wọlé, ó di pé omi lásán lẹ ki ọmọrogùn bọ̀, kí ló fẹ́ dá a dúró?

Ti iwájú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré tó wà lójú títì wa, inú sìpíríǹgì ni ṣọ́ọ̀kì wà, àwọn méjèèjì di ẹyọ kan. Àwọn tó kàwé ọkọ̀ ń pè é ní sítírọ́ọ̀tì, lẹ́nu mẹkáníìkì tiwa ṣọ́ọ̀kì náà ni. Táíwò ní ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Earle MacPherson ló ronú kàn án, ọkọ̀ Ford sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé e jáde láàárín 1949 sí 1951, orúkọ ọkùnrin yẹn náà ni wọ́n ṣì fi ń pè é káàkiri ayé. Ohun méjì ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án mọ̀ níbẹ̀. Sítírọ́ọ̀tì ló di ẹsẹ̀ iwájú mú kó dúró gbọọrọ, torí náà tẹ́ ẹ bá ti tú u ẹ ò lè má ṣe àláìnmẹ́ǹtì, ìyẹn títún ìdúró táyà ṣe kó lè tọ́. Ìkejì ni pé dídì ni sìpíríǹgì wà lórí ẹ̀ nígbà gbogbo. Kódà tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ kúrò lára ọkọ̀ tẹ́ ẹ fi lélẹ̀ tó dákẹ́ síbẹ̀, kò sinmi, ó ṣì ń wá ọ̀nà àtiná ara ẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi wà gan-an rèé. Mo kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan, mi ò ní dárúkọ ẹ̀ mi ò sì ní sọ àdúgbò ẹ̀. Owó iṣẹ́ tó dá lé mi, láìka owó ṣọ́ọ̀kì, tó owó kíréètì ẹyin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo ń wò wọ́n. Wọ́n yọ sítírọ́ọ̀tì òsì, wọ́n gbé e sílẹ̀, ọ̀gá wá ní kí ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ lọ mú okùn wá. Okùn náírọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń di ẹrù sórí ọkọ̀ akẹ́rù, àti sítì-bẹ́líìtì àlòkù tí wọ́n gé kúrò lára ọkọ̀ kan. Wọ́n fi jáàkì ti sìpíríǹgì mọ́ abẹ́ ọkọ̀ mìíràn kó lè kúrú, wọ́n fi okùn yẹn so ó yípo yípo, wọ́n wá tú jáàkì. Ọ̀gá gbé sípánà lé nọ́ọ̀tì àárín tó wà lórí, ó tú u kúrò. Ọmọ yẹn, ọmọ tí mi ò rò pé ó tó ọdún mẹ́tàdínlógún, ló fi orókún méjèèjì di ìsàlẹ̀ ẹ̀ mú. Sọ́kẹ́ẹ̀tì jábọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá, ó yí lọ, ọmọ náà yà lọ mú un. Bó ṣe yà báyìí ni okùn já. Mi ò rí sìpíríǹgì nígbà tó fò, ìró ẹ̀ ni mo gbọ́ lára géètì onípáànù tó wà lẹ́yìn wa, nígbà tí mo máa wẹ̀yìn, páànù yẹn ti wọnú bí ìgbà tí màlúù kàn án. Ibi tí orí ọmọ yẹn wà ní ìṣẹ́jú àáyá kan sẹ́yìn ló gbà kọjá.

Ọ̀gá ẹ̀ gbá a létí, ó ní kí ló dé tó fi sílẹ̀. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn! Ọ̀rọ̀ yẹn ni mi ò lè sùn mọ́jú. Ó túmọ̀ sí pé ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, á sì tún ṣe bẹ́ẹ̀. Táíwò bá mi ṣírò ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, Corolla mi lé ní 1,000 kílò, iwájú ló sì wúwo jù, tí ọkọ̀ bá dúró, sìpíríǹgì iwájú kan ń gbé tó 300 kílò. Àpò oúnjẹ adìyẹ tí mò ń rà, 25 kílò ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpò méjìlá nìyẹn lórí irin wíwé kan ṣoṣo. Tẹ́ ẹ bá wá fi jáàkì tún fún un pọ̀ sí i tẹ́ ẹ fi okùn ìdẹrù dì í, ṣé okùn lẹ fẹ́ kó mú un ni àbí orókún ọmọ ọlọ́mọ?

Mo ní kí wọ́n tò ó padà bó ṣe wà, mo wa ọkọ̀ mi kúrò. Ṣọ́ọ̀kì "tuntun" tó tiẹ̀ tà fún mi gan-an, nígbà tí àbúrò mi wò ó, tòkunbọ̀ ni wọ́n kùn ní dúdú, ó fi èékánná ha á, ọ̀dà ṣí, ìpẹtà wà lábẹ́ ẹ̀. Mi ò sọ pé tòkunbọ̀ ò dáa o, àwa tá à lówó tuntun nígbà gbogbo, òun là ń lò, àmọ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ ti ọ̀pá ẹ̀ wọlé pẹ̀lú ọwọ́ yín, ó gbọ́dọ̀ le, ó gbọ́dọ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀ láìfò láìsí ibi tó ti rọ̀ wòì lójijì, èyí tó bá ní gáàsì nínú á sì padà jáde fúnra ẹ̀. Ẹ fi ìka nu ẹnu ibi tí ọ̀pá ti wọlé, tí ìka yín bá ti mú ọ́ìlì, ẹ fi sílẹ̀. Ọ̀pá tó ti ń dípẹtà tàbí tó ní ojú ihò, á gé rọ́bà láìpẹ́. Kẹ́ ẹ sì rántí pé ti ọ̀tún àti ti òsì ò jọra níwájú, ibi tí wọ́n ń so hóòsì bíréèkì mọ́ yàtọ̀ síra, èmi ra òsì méjì lẹ́ẹ̀kan, mo ní láti padà lọ pààrọ̀ ọ̀kan. Ẹnì kan tún ní òun á bá mi lu èyí tó kú yẹn níhò òun á rọ ọ́ìlì tuntun sí i. Ẹ má gbà fún un. Èyí tó ní gáàsì nínú, fífún ni wọ́n fún gáàsì náà mọ́nú ẹ̀, bẹ́ ẹ bá fi dírìlì gún un ẹ ò mọ ohun tó máa bá yín.

Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká ṣe é fúnra wa." Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan wà ní Oǹdó tó ní irin tí wọ́n fi ń fún sìpíríǹgì pọ̀. Irin gígùn méjì ni, wọ́n ní ìlà bíi ti bóòtù láti òkè délẹ̀, ìkọ́ méjì méjì wà lára ẹ̀ tó ń gbá sìpíríǹgì mú lókè àti nísàlẹ̀, tẹ́ ẹ bá ń fi sípánà yí i, ìkọ́ méjèèjì á máa súnmọ́ra. Ìkọ́ sìpíríǹgì ni mò ń pè é. Kò ju apá mi lọ ní gígùn, ẹ lè gbé e sínú báàgì ọjà.

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì la ti fọ́n WD-40, ọ́ìlì tó ń jẹ́ kí nọ́ọ̀tì tó gan tú, sí gbogbo nọ́ọ̀tì, torí ọkọ̀ tó ti pẹ́ nọ́ọ̀tì ẹ̀ máa ń gan. Àárọ̀ Sátidé la bẹ̀rẹ̀. Orí kọnkéré ni, ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ má ṣe é lórí yẹ̀pẹ̀. A fa bíréèkì ọwọ́, a fi búlọ́ọ̀kù dí táyà ẹ̀yìn níwájú àti lẹ́yìn, a tú nọ́ọ̀tì táyà díẹ̀ kí ẹsẹ̀ ẹ̀ tó kúrò nílẹ̀, a fi jáàkì gbé e, a ki sítáǹdì, irin tó ń gbé ọkọ̀ dúró, bọ abẹ́ ẹ̀, táyà tá a yọ náà la tún tì sábẹ́ ara ọkọ̀. Àbúrò mi kì í bá mi fi ọ̀rọ̀ jáàkì ṣeré. Jáàkì wà fún gbígbé ni, kì í ṣe fún dídúró, ọ́ìlì ló wà nínú jáàkì náà, rọ́bà tiẹ̀ náà sì ń gé. Ẹni tí ò bá ní sítáǹdì, ibi tí mo ti gbà pẹ̀lú ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn nìyí, kó gbé ọkọ̀ ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní in.

Yíyọ ẹ̀ ò nira tó bí mo ṣe rò. A tú lìnkéèjì kékeré tó so mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, sípánà 17 ló gbà, ẹ ó rí i pé bẹ́ ẹ ṣe ń yí nọ́ọ̀tì ni gbogbo ẹ̀ á máa yí tẹ̀lé e, ihò onígun mẹ́fà kékeré wà láàárín ẹ̀, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti dì í mú. A tú ibi tí wọ́n so hóòsì bíréèkì mọ́. Ó wá ku bóòtù ńlá méjì tó di sítírọ́ọ̀tì mọ́ irin tí họ́ọ̀bù, ibi tí wọ́n ń de táyà mọ́, wà lára ẹ̀. Kí a tó fọwọ́ kàn wọ́n, mo mú kúkẹ́ẹ̀sì èékánná Kẹ́hìndé, pupa, mo fi sàmì sí ibi tí irin méjèèjì ti pàdé, kí a lè dá a padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀ kó má wọ́ jù kí a tó dé ibi àláìnmẹ́ǹtì. Àbúrò mi yìn mí sí ìyẹn. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe ni pé kẹ́ ẹ tó fa bóòtù yẹn yọ, ẹ fi wáyà tàbí okùn so họ́ọ̀bù mọ́ òkè (ibi tí okùn wúlò nìyẹn), torí tẹ́ ẹ bá jẹ́ kó ṣubú síta, gbogbo ìwúwo ẹ̀ á bọ́ sórí hóòsì bíréèkì, tàbí kó fa ṣáàfùtì, ọ̀pá tó ń yí táyà, yọ nínú ilé ẹ̀, ìyẹn á wá di iṣẹ́ mìíràn.

Lókè, lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, nọ́ọ̀tì mẹ́ta ló wà níbẹ̀ yípo, sípánà 14, òmíràn sì wà láàárín wọn. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan ti àárín yẹn. Òun ló so sìpíríǹgì mọ́lẹ̀. Àwọn mẹ́ta tó yí i ká nìkan lẹ máa tú, kí ẹnì kan sì ti fọwọ́ gbé sítírọ́ọ̀tì nísàlẹ̀ kí ti ìkẹta tó kúrò. Táíwò ló gbé e. Ó bọ́ sí i lọ́wọ́ wẹ́rẹ́.

Ní ti ìkọ́, mo fẹ́ kó yé ẹnikẹ́ni tó bá ń ka èyí. Ẹ gbé ìkọ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ kan sìpíríǹgì, èkejì sí òdìkejì gan-an, kí wọ́n kọjú síra, kí ẹnu ìkọ́ gbá irin mú dáadáa kó má ṣe wà létí. Ẹ yí ọ̀kan ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ lọ yí èkejì ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ padà, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má yí ọ̀kan jù èkejì lọ torí sìpíríǹgì á tẹ̀ á sì bọ́ lẹ́nu ìkọ́. Sípánà ọwọ́ ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe ẹ̀rọ aláfẹ́fẹ́ tó ń sáré. Kí ẹnikẹ́ni má kọjú sí orí ẹ̀ tàbí ìdí ẹ̀, ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́, ẹ jẹ́ kó dojú kọ ògiri. Àbúrò mi lé àwọn ọmọ kékeré tó wà nínú ọgbà jáde pátápátá, ó ní kí n ti ilẹ̀kùn. A ń yí i títí sìpíríǹgì fi kúrò lára àwo tó jókòó lé lókè àti nísàlẹ̀, tí mo fi lè fọwọ́ mì í gbọ̀ngbọ̀n, ìgbà yẹn nìkan ni àbúrò mi gbé sípánà lé nọ́ọ̀tì àárín. Nọ́ọ̀tì yẹn jáde jẹ́ẹ́, bí ìgbà téèyàn ṣí ìdérí ìgò. Mo rántí ìró páànù yẹn, ara mi gbọ̀n.

Bí a ṣe ń yọ nǹkan ni Táíwò ń ya fọ́tò, a sì ń tò wọ́n sórí àpò sìmẹ́ǹtì bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn: máúntìn òkè (èyí tó so ṣọ́ọ̀kì mọ́ ara ọkọ̀), bẹ́árìn ẹ̀, àwo sìpíríǹgì, rọ́bà tó ń gba ọ̀pá nígbà tó bá wọlẹ̀ jù, àti ìbòrí eruku. Rọ́bà tèmi ti wó sí ẹ̀rúnrún, máúntìn kan ti ń ké kuẹ́kuẹ́, a pààrọ̀ wọn. Ẹ má fi rọ́bà àtijọ́ sórí ṣọ́ọ̀kì tuntun nítorí owó kékeré, ìró kọ̀nkọ̀ tẹ́ ẹ sá fún á padà wá bá yín. A fọwọ́ ti ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì tuntun wọlé fà á jáde bí ẹ̀ẹ̀marùn-ún kí afẹ́fẹ́ tó bá wà nínú ọ́ìlì ẹ̀ lè kúrò. Ìpẹ̀kun sìpíríǹgì nísàlẹ̀ ní ibi tó gbọ́dọ̀ jókòó sí nínú àwo, ẹ máa wò ó dáadáa bẹ́ ẹ ṣe ń tú ìkọ́ padà, díẹ̀díẹ̀, ọ̀tún òsì, ọ̀tún òsì.

Ìdápadà ò ní ìtàn. Ẹ kàn fi ọwọ́ kó gbogbo nọ́ọ̀tì wọlé kẹ́ ẹ tó fún èyíkéyìí, kẹ́ ẹ dá àmì pupa yẹn padà síra wọn, kẹ́ ẹ fún nọ́ọ̀tì táyà kan, kẹ́ ẹ bọ́ sí èyí tó kọjú sí i, kì í ṣe yípo. A ṣe ẹsẹ̀ kejì lọ́jọ́ náà, torí ẹ ò gbọdọ̀ pààrọ̀ ẹyọ kan ṣoṣo kẹ́ ẹ fi èkejì sílẹ̀, ọkọ̀ á máa tiro. Ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ gbà wá ní wákàtí mẹ́ta ó lé, èkejì ò tó wákàtí kan àtààbọ̀. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo gbé e lọ fún àláìnmẹ́ǹtì, mo sì tún padà yẹ gbogbo nọ́ọ̀tì wò lẹ́yìn tí mo ti Adó dé lẹ́ẹ̀kan.

Ohun tí mo wá fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún rèé o, Olóòtú, ẹ bá mi gbé e síwájú àwọn tó yẹ kó gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà l'Amẹ́ríkà sọ fún mi pé àwọn ilé ìtajà páàtì bíi AutoZone máa ń yá èèyàn ní irinṣẹ́ irú èyí, ẹ ó fi owó ìdúró sílẹ̀, tẹ́ ẹ bá dá irinṣẹ́ padà wọ́n á dá owó yín padà. Kí ló dé tí àwọn tó ń ta páàtì ní Àkúrẹ́ níbí ò lè ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹ̀ ń ta ṣọ́ọ̀kì fún wa lójoojúmọ́, ẹ mọ̀ pé kò sí bí wọ́n ṣe máa fi ṣọ́ọ̀kì yẹn sínú ọkọ̀ láìtú sìpíríǹgì. Ẹ ra ìkọ́ sìpíríǹgì méjì mẹ́ta sí ṣọ́ọ̀bù, èyí tó dáa, kì í ṣe èyí tí wẹ́dà jó pọ̀ láti ara ọ̀pá irin, ẹ gba owó ìdúró tó bá tó yín, ẹ gba owó yíyá díẹ̀ lé e, mẹkáníìkì tí ò lówó àtirà á yá, àwa náà á yá. Mẹkáníìkì yẹn kì í ṣe ìkà, mi ò bínú sí i mọ́, bí ọ̀gá tiẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn, okùn ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ẹ̀yin àgbààgbà NATA, ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ẹ̀yin lẹ̀ ń fún ọmọ iṣẹ́ ní fíríìdọ̀mù, ẹ jẹ́ kó wà lára ohun tẹ́ ẹ máa béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá, pé ṣé ó ní ìkọ́ àti sítáǹdì. Ọmọ tí òbí ẹ̀ fà lé yín lọ́wọ́ kó lè jẹun lọ́jọ́ iwájú ni, wọn ò fà á lé yín lọ́wọ́ kí irin lè fọ́ ọ lórí.

Mo ti padà sọ́dọ̀ ọmọ yẹn o. Mo gbé kíréètì ẹyin kan lọ fún un, mo ní kó gbé e fún ìyá ẹ̀. Mo fi fọ́tò ìkọ́ tó wà lórí fóònù Táíwò hàn án, ó wò ó pẹ́, ó bi mí pé, "Mọ́mì, èló ni wọ́n ń tà á?"

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, nínú 60 kíréètì, ẹyin mẹ́rin ló fọ́. Ó ku ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn, Sátidé tó ń bọ̀ la fẹ́ ṣe é, ọ̀la ni mo sì ń wọkọ̀ lọ sí Oǹdó láti tún lọ yá ìkọ́ yẹn wá, ìrìn nǹkan bí 50 kìlómítà ní àlọ nìkan.

Èmi ni,
Ìyá Ìbejì Ẹlẹ́yin,
Òkè-Àró, Àkúrẹ́.